Yìnyín Ńlá Tí Ó Mọ́ Gaara: Bí A Ti Í Ṣe É Nínú Ilé, àti Ohun Tí Ojú Kò Lè Rí Nínú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò tóbi lójú. Ọ̀rọ̀ omi dídì ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní yìnyín. Ṣùgbọ́n ẹ ó jẹ́rìí sí i pé kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìkórè ìjọ kan ní ìlú wa lóde òní tí a kì í wá yìnyín sí. Ohun tí ó sì ń wọ ẹnu àgbà àti ọmọdé níbi kan náà, kì í ṣe ohun tí a lè fi ojú kékeré wò.

Mo fẹ́ sọ bí a ti í ṣe èyí tí ó tóbi, tí ó sì mọ́ gaara bí dígí, nínú ilé ara wa, láìra ẹ̀rọ olówó ńlá. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ sọ ohun kan nípa rẹ̀ tí ojú kò lè fi hàn wá. Nítorí ohun náà gan-an ni ó mú mi gbé kálàmù.

Ọmọbìnrin mi àgbà ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé wa. Opó ni. Ó ń ta ohun mímu tútù níbi àpèjẹ: omi ìṣápá tí a ń pè ní sóbò, omi atalẹ̀, àti omi ọsàn tí a fún. Nínú èrè rẹ̀ ni ó ti ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó rí i níbi àpèjẹ kan pé àwọn ọlọ́lá ń fi yìnyín ńlá kan ṣoṣo sínú ife, èyí tí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí ìka ọwọ́ lódìkejì rẹ̀, àwọn tí ń ta irú rẹ̀ sì ń gba owó tí ó jọjú. Nítorí náà ó ra abọ́ rọ́bà kan tí a fi sílíkóònù ṣe, tí ó ní ojú mẹ́fà, tí ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 2 ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Ó rọ omi sí i, ó gbé e sínú fírísà, ó sì kó yìnyín rẹ̀ wá fi hàn mí nínú àwo. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo sẹ́ omi yìí, mo sì sè é. Síbẹ̀ àárín rẹ̀ funfun bí ẹni pé mo da ẹfun sí i. Àwọn oníbàárà mi yóò ní omi mi kò mọ́.” Mo dá a lóhùn pé omi rẹ̀ kò ní ẹ̀bi kankan; ọ̀nà tí omi náà gbà dì ni ó sọ ọ́ di funfun.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo yìnyín tí ń ti òkè bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti sá jáde nígbà èwe láti ṣa yìnyín jẹ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń rọ̀ pẹ̀lú ìjì. Bí ẹ bá mú èyí tí ó tóbi nínú rẹ̀, tí ẹ sì fi ọ̀bẹ là á sí méjì, ẹ ó rí i pé ó sábà máa ń ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà: ìpele kan funfun, èkejì gaara. Ìjì kan náà ni ó bí i. Ibi tí omi gbé dì lójijì, afẹ́fẹ́ há sí i, ó sì funfun. Ibi tí omi gbé dì díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà jáde, ó sì mọ́ gaara. Àwọn baba wa ti wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti yìnyín rí.

Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú fírísà wa. Kò sí omi tí a ń mu tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú, kò sì sí omi kànga tí kò ní iyọ̀ àti àwọn èròjà ilẹ̀ díẹ̀ tí ó yọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí omi bá ń dì, àwọn ẹyọ omi tí ó kéré ju ohun tí ojú lè rí a máa to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ, wọn kì í sì í fi àyè sílẹ̀ fún àlejò láàárín wọn. Nítorí náà wọn a máa ti afẹ́fẹ́ àti iyọ̀ náà síwájú, sínú omi tí kò tíì dì. Ṣùgbọ́n nínú abọ́ kékeré, òtútù ń bọ̀ láti òkè, láti ìsàlẹ̀, àti láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Èèpo ẹ̀yìn ni ó kọ́kọ́ dì yí ká, a sì ti gbogbo àlejò náà sí àárín, níbi tí kò sí ilẹ̀kùn. Nígbà tí àárín náà bá wá dì, kò sí ibi tí wọn yóò sá sí mọ́. Wọn a sì di ikùukùu funfun tí à ń rí. Yàtọ̀ sí èyí, omi tí ó bá dì a máa fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìpín 9 nínú 100. Nígbà tí àárín bá ń fẹ̀ nínú èèpo tí ó ti le, a máa la yìnyín náà nínú, ojú ẹ̀là wọ̀nyí a sì tún fi kún funfun rẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń sọ pé bí a bá se omi lẹ́ẹ̀mejì, yìnyín rẹ̀ yóò mọ́ gaara. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Iná a máa lé afẹ́fẹ́ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń tutù ni afẹ́fẹ́ tún ń padà wọlé. Iyọ̀ àti èròjà ilẹ̀ ní tiwọn kò sì kúrò nínú ìkòkò. A óò se omi wa nítorí ìlera, gẹ́gẹ́ bí mo ti fẹ́ sọ níwájú, ṣùgbọ́n kì í ṣe sísè ni yóò sọ yìnyín di dígí.

Kí ni iṣẹ́ abọ́ rọ́bà náà, nígbà náà? Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún yìnyín ní ìwọ̀n àti ìrísí. Sílíkóònù kì í ṣe rọ́bà tí à ń gbà lára igi. Láti inú èròjà kan tí ó wà nínú iyanrìn ni a ti ń ṣe é. Kì í gan nínú òtútù, nítorí náà a lè ká a kúrò lára yìnyín láìfi òòlù lù ú. Èrè tí ó wà nínú yìnyín ńlá ni pé kì í tètè yọ́. Èmi tí mo ti ń fi kálàmù ṣírò owó láti ìgbà èwe mi, ìṣirò ni mo fi yé ọmọ mi. Yìnyín kan tí ó jẹ́ ínǹṣì 2 níhà gbogbo ní ojú mẹ́fà. Ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 4 níbùú-lóròó, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 24. Bí a bá gé omi kan náà sí yìnyín kéékèèké mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 1, àpapọ̀ ojú wọn di 48. Omi kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ojú tí ooru ń gbà wọlé ti di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí yìnyín kékeré fi ń sọ sóbò di omi lásán kí àlejò tó mu ún dé ìdajì.

Bí abọ́ kò bá lè sọ yìnyín di gaara, níbo ni a ti lè kọ́ ọ? Lọ́dọ̀ àwọn adágún omi ilẹ̀ olótùútù ni. Omi a máa wúwo jù nígbà tí ó bá wà ní ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ a máa fúyẹ́, a sì léfòó. Nítorí èyí, òkè adágún ni ó ń kọ́kọ́ dì, ó sì ń dì lọ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí afẹ́fẹ́ àti iyọ̀ ti ń sá lọ sínú omi tí ó wà nísàlẹ̀. Irú yìnyín bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin oníṣòwò kan ní Boston ní Amẹ́ríkà, Frederic Tudor, kó sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Martinique ní ọdún 1806, tí àwọn ènìyàn sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọdún 1833 ó kó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 180 ránṣẹ́ sí Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà. Ó lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin lójú òkun, ó sì la ilẹ̀ olóoru kọjá, síbẹ̀ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 100 gúnlẹ̀ láìyọ́, nítorí pé ó tóbi, a sì dì í dáadáa kí ooru má baà rí i gbé ṣe.

Ní ọdún 2009 ọkùnrin kan ní San Francisco, Camper English, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ̀wé nípa ohun mímu, dán oríṣiríṣi ọ̀nà wò, ó sì fi yé gbogbo ènìyàn pé a lè sọ kúlà kékeré, irú èyí tí a ń gbé oúnjẹ sí, di adágún nínú fírísà. Ara kúlà kò jẹ́ kí òtútù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ìsàlẹ̀. Bí a bá sì ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀, òkè nìkan ni òtútù yóò gbà wọlé. Èyí ni gbogbo àṣírí náà. Ọ̀nà yìí ni èmi àti ọmọ mi sì tẹ̀lé.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹ wá kúlà kékeré tí ó lè wọ inú fírísà yín, ẹ sì fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ bu omi tí a ti sè, tí ó sì ti tutù, sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe bu ú kún dé ẹnu, nítorí omi yóò fẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọmọrí dé e. Ẹ gbé e sínú fírísà níbi tí ó ti lè jókòó gbọọrọ, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 18 sí 24, gẹ́gẹ́ bí agbára fírísà náà bá ti tó. Kí gbogbo rẹ̀ tó dì tán ni kí ẹ gbé e jáde, nígbà tí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ bá ti dì, tí omi ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ dé sínú ọpọ́n mímọ́, kí ẹ sì ní sùúrù títí yóò fi yọ̀ bọ́ fúnra rẹ̀. Omi tí kò dì náà ni ibi tí gbogbo afẹ́fẹ́ àti iyọ̀ kó ara wọn jọ sí. Ẹ dà á nù. Bí oorun bá gbé yín lọ, tí gbogbo rẹ̀ sì dì, kò burú. Ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò funfun. Ẹ fi ọ̀bẹ eléyín tí a fi ń gé búrẹ́dì fa ìlà sí i, ẹ rọra fi òòlù kékeré kan ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà, yóò sì pín. Kí ẹni tí ó ń gé e fi aṣọ inura mímọ́ di yìnyín náà mú, kí ó má baà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí yìnyín rẹ̀ jáde ní ìwọ̀n kan náà láìgé e, kí ó lo abọ́ rọ́bà náà báyìí. Kí ó lu ihò kan tí ó fẹ̀ tó ìdí pẹ́ńsù sí ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ọ̀kan. Kí ó gbé abọ́ náà ka orí ife irin kékeré méjì tàbí mẹ́rin nínú kúlà, kí àyè lè wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ó wá bu omi sí kúlà títí omi náà yóò fi kún inú abọ́ dé etí. Bí òkè ti ń dì, àlejò inú omi yóò máa gba ihò náà jáde lọ sí ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èrò ti ń gba ẹnu ọ̀nà jáde lẹ́yìn ìsìn. Ọjọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ ṣe é báyìí, ó gbé ẹyọ kan lé orí ìwé orin ìyá rẹ̀, a sì ka ọ̀rọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ láìfi ojú wá a.

Ohun mẹ́ta díẹ̀díẹ̀ ni mo tún fẹ́ fi kún un. Èkíní, sílíkóònù a máa fa òórùn mọ́ra. Ẹ má ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹja tútù tàbí irú; lẹ́yìn ìlò, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, kí ẹ sì dì í sínú ọ̀rá. Èkejì, ẹ má ṣe da ohun mímu lé yìnyín lórí bí ẹ ti ń mú un jáde láti inú fírísà, yóò là. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó ní ìṣẹ́jú mélòó kan títí ara rẹ̀ yóò fi máa dán. Ẹ̀kẹta, ní ti iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àpèjẹ. Bí iná bá lọ fún wákàtí mélòó kan, dídì náà kàn dúró díẹ̀ ni. Nígbà tí iná bá dé, yóò tún máa bá iṣẹ́ lọ.

Nísinsìnyí, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Nígbà tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé yìnyín rẹ̀ lọ sóde, ìyìn tí ó ń gbọ́ jùlọ ni pé, “Ẹ wo omi mímọ́!” Ìyìn náà dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé yìí dé ìhín ti rí i pé gaara yìnyín kò sọ ohunkóhun fún wa nípa orísun omi rẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ó dì láti ìhà kan. Omi tí a fà láti inú kànga tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá, bí a bá fi sùúrù dì í, yóò mọ́ gaara bí ti omi tí a sè. Òtítọ́ ni pé dídì a máa ti iyọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e pé yóò lé àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí lọ tán. Òtútù pàápàá kì í pa wọ́n tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fa onígbáméjì, ibà táífọ́ọ̀dù àti ìgbẹ́ gbuuru a máa wà láàyè nínú yìnyín, bí yìnyín bá sì ti yọ́ sínú ife, wọn a bá ohun mímu wọ inú ènìyàn. Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀ ni, kò ní ọ̀tá. Èyí gan-an ni kò fi yẹ kí a bá ọ̀tá ara wa dì í pọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni a dán ọmọ mi wò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti gba iṣẹ́ ìgbéyàwó ńlá kan fún Sátidé, yìnyín gaara sì wà nínú àdéhùn náà. Iná kò wá fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí ó sì dé, gáàsì ìdáná ti tán. Bí wọ́n bá se omi lórí èédú, tí wọ́n sì dúró kí ó tutù, àkókò kò ní í tó mọ́ fún yìnyín ńlá láti dì. Ọmọbìnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́ wí fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí a pọn omi kànga yìí sí i bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti dì bí dígí, ta ni yóò mọ̀?” Ọmọ mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tí ó wá sí òun lọ́kàn ni àbíkẹ́yìn òun, tí ó dùbúlẹ̀ ibà táífọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí egungun àyà rẹ̀ sì ṣe é kà. Ó kọ̀. Ó se omi ohun mímu rẹ̀ lórí èédú, ó rọ wọ́n sínú ìgò, ó sì fi yìnyín lásán tí a rà yí àwọn ìgò náà ká láti òde, kí ohun mímu lè tutù láìsí pé yìnyín náà kàn án. Ó lọ bá olórí ìdílé náà ní òwúrọ̀ Sátidé, ó sì sọ òtítọ́ fún un. Bàbá náà kò bínú, ṣùgbọ́n ó yọ ìdámẹ́ta kúrò nínú owó àdéhùn. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ni owó náà ìbá jẹ́. Èmi àti ìyá rẹ̀ ni a pa owó pọ̀ láti dí àlàfo rẹ̀, inú wa sì dùn láti ṣe bẹ́ẹ̀ ju ọjọ́ tí ó mú èrè rẹpẹtẹ wálé lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá ń ṣe yìnyín fún ìdílé tàbí fún títà, ẹ jẹ́ kí omi náà hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán, kí ẹ tó bò ó kí ó tutù. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kúlà, abọ́ rọ́bà àti ọ̀bẹ. Omi mímọ́ tí a fi ọwọ́ àìmọ́ gé ti padà di omi àìmọ́. Bí ẹ bá sì wà ní òde àpèjẹ, tí a gbé yìnyín ka iwájú yín, ì báà funfun, ì báà mọ́ gaara, ẹ má ṣe tijú láti bi ẹni tí ó ṣe é léèrè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé omi wo ni ó lò àti pé ṣé ó sè é. Ẹni tí ó sè é kì í bínú sí ìbéèrè náà. Bí ìdáhùn kò bá sì ṣe tààrà, ẹ fún àwọn ọmọ yín ní ohun mímu inú ìgò tí a kò tíì ṣí, kí wọ́n mu ún láìfi yìnyín sí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé kan ní Abẹ́òkúta.